Ìrìn-àjò sí àwọn ahoro Inca, odò inú igbó àti adágún orí òkè ní Perú

Perú, orílẹ̀-èdè kan ní ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń lọ láti wo ahoro àwọn ìlú tí àwọn Inca kọ́, odò inú igbó Amazon àti àwọn adágún tó wà láàárín òkè Andes. Àwọn ibi wọ̀nyí jìnnà síra, ojú ọjọ́ wọn kò sì jọra rárá, ṣùgbọ́n omi ló so èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ̀. Odò tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òkè Machu Picchu, ọ̀kan nínú àwọn ahoro Inca náà, ló ń wọnú igbó lọ, tó sì ń di ara odò Amazon. Ìdí tí àwọn Inca fi tẹ̀dó síbi tí wọ́n tẹ̀dó sí yóò tètè yé ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí omi náà ń gbà.

Cusco

Cusco ni olú-ìlú ìjọba Inca kí àwọn ará Spéìn tó wọ ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1533. Ìlú náà ga ní nǹkan bí 3,400 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1983. Àwọn Inca a máa gbẹ́ òkúta ilé wọn títí tí ọ̀kan yóò fi wọ èkejì lára, láìfi amọ̀ tàbí ohunkóhun lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lórí Qorikancha, tẹ́ńpìlì oòrùn, ni àwọn ará Spéìn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santo Domingo lé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1950, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ará Spéìn kọ́ ló wó, ṣùgbọ́n ògiri Inca tó wà lábẹ́ dúró digbí. Lókè ìlú ni Sacsayhuamán wà, níbi tí a ti rí òkúta ògiri tó wúwo ju 100 tọ́ọ̀nù lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe Inti Raymi, ọdún oòrùn, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà. Wọ́n ti fòfin de ọdún náà lábẹ́ ìjọba Spéìn. Ní 1944 ni àwọn ará Cusco tún gbé e dìde.

Gíga ìlú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni ọ́síjìn tó ń rí mí ń dín kù, àìsàn tó sì ń tibẹ̀ wá ni wọ́n ń pè ní soroche: orí fífọ́, èébì, àìróorunsùn, àti kí ènìyàn máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn kékeré. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lima, olú-ìlú Perú tó wà létí òkun, yóò bá ara rẹ̀ ní Cusco láàárín wákàtí kan àti díẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ó kọ́kọ́ sùn ní àfonífojì Urubamba, tó rẹlẹ̀ ju Cusco lọ, kí ó sì fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sinmi. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń mu tíì ewé koka, ewé tí wọ́n ń yọ kokéènì lára rẹ̀, sí i. Ewé náà bófin mu ní Perú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà kí a mú un wọlé, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dì í sínú ẹrù bọ̀ wálé. Bí mímí bá nira fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Urubamba àti Machu Picchu

Odò Vilcanota ni wọ́n ń pè ní Urubamba bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ní àfonífojì rẹ̀ ni Pisac àti Ollantaytambo wà, níbi tí àwọn Inca ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè bí àkàsọ̀ láti fi gbin àgbàdo. Ní Maras, nítòsí ibẹ̀, àwọn ìdílé ṣì ń darí omi ìsun oníyọ̀ sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò pẹlẹbẹ, oòrùn á sì fa omi náà gbẹ kí iyọ̀ tó kù sílẹ̀.

Machu Picchu wà ní 2,430 mítà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí odò náà yí po. Ọgọ́rùn-ún ọdún 15 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà ayé ọba Pachacuti. Ìwé púpọ̀ ló sọ pé Hiram Bingham, olùkọ́ ní yunifásítì Yale, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1911. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Àwọn àgbẹ̀ ló bá lórí ilẹ̀ náà tí wọ́n ń dáko, Agustín Lizárraga, ará agbègbè yẹn, sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ibẹ̀ ní 1902. Ohun tí Bingham ṣe ni pé ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ibẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó kó lọ sí Yale ni wọ́n dá padà fún Perú láàárín 2011 sí 2012, lẹ́yìn àríyànjiyàn ọlọ́dún gbọọrọ.

Ilé àti tẹ́ńpìlì ni àlejò máa ń yà ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó yanilẹ́nu jù wà lábẹ́ ilẹ̀. Òjò ibẹ̀ pọ̀, òkè náà sì dagun. Àwọn Inca to òkúta, wọ́n da òkúta wẹẹrẹ àti yanrìn lé e, kí wọ́n tó da erùpẹ̀ oko sórí rẹ̀, kí omi òjò lè máa jò lọ láìya ilẹ̀. Wọ́n la ojú omi kan tó gùn tó nǹkan bí 750 mítà láti ibi ìsun, tó ń gbé omi mímu wọ ibi ìpọnmi 16 tó tẹ̀ léra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ìlú náà ṣì dúró lónìí.

Kò sí ojú títì tó so Aguas Calientes, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ Machu Picchu, mọ́ Cusco. Ọkọ̀ ojú irin láti Ollantaytambo ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀, bọ́ọ̀sì á sì gbé wọn gun òkè. Àwọn mìíràn máa ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Inca ìgbàanì fún ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan bí 43 kìlómítà, tí ibi tó ga jù lórí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 4,215 mítà. Ènìyàn 500 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, títí kan amọ̀nà àti alágbàárù, nítorí náà oṣù púpọ̀ ṣáájú ni wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà pa ní oṣù Kejì, tí òjò pọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, Urubamba kún àkúnya, ó gbá ojú irin lọ, hẹlikópítà ni wọ́n sì fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún arìnrìn-àjò kúrò.

Afárá Q'eswachaka kò sí lójú ọ̀nà ọ̀pọ̀ àlejò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ ní wíwò ju ahoro púpọ̀ lọ, torí pé àwọn tó ni ín ṣì ń lò ó. Koríko ni wọ́n fi hun ún, lórí odò Apurímac. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹfà, àwọn abúlé tó yí i ká á péjọ: àwọn obìnrin á lọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọkùnrin á hun ún di okùn ńlá, wọ́n á sì ta afárá tuntun. UNESCO kà á mọ́ àjogúnbá ní 2013.

Titicaca

Ní La Raya, lójú ọ̀nà Cusco sí Puno, ìlú etí adágún Titicaca, níbi tó ga ju 4,300 mítà lọ, ni omi ti ń pínyà. Èyí tó ṣàn sí ọ̀nà Cusco á wọ Vilcanota, á sì dé òkun Atlantic gbẹ̀yìn. Èyí tó ṣàn sí gúúsù á wọ adágún Titicaca, kò sì ní dé òkun kankan. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ.

Adágún yìí wà ní nǹkan bí 3,812 mítà, ó fẹ̀ ju 8,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, Perú àti Bòlífíà ló sì jọ ni ín. Ìtàn Inca sọ pé inú rẹ̀ ni Manco Cápac àti Mama Ocllo ti jáde wá láti tẹ Cusco dó. Àwọn Uros ń gbé lórí erékùṣù tí wọ́n fi koríko totora dì fúnra wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa da koríko tútù lé e nígbà gbogbo, torí èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jẹrà. Ní erékùṣù Taquile, àwọn ọkùnrin ló ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà. Iṣẹ́ aṣọ wọn wọ ìwé UNESCO ní 2005. Ní erékùṣù Amantaní, àlejò máa ń sùn sílé àwọn ará abúlé. Omi ìdọ̀tí láti àwọn ìlú ńlá etí adágún ń ba omi náà jẹ́, ọ̀dá ọdún 2023 sì mú kí ó fà gan-an.

Àwọn adágún àríwá, ní Cordillera Blanca, ọ̀wọ́ òkè oníyìnyín kan nínú Andes, kéré ju èyí lọ. Yìnyín orí òkè tó ń yọ́ ló bí wọn, wọ́n sì léwu: ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, adágún Palcacocha ya, ó gbá apá kan ìlú Huaraz lọ, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Odò inú igbó

Urubamba pàdé Tambo, wọ́n di Ucayali. Ucayali pàdé Marañón nítòsí Nauta, wọ́n di Amazon. Iquitos, ìlú tó tóbi jù nínú igbó Perú, kò ní ojú títì tó so ó mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi láti Pucallpa tàbí Yurimaguas ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, èrò kọ̀ọ̀kan á so ibùsùn aláṣọ tirẹ̀ rọ̀ sábẹ́ òrùlé, á sì bá ẹrù, adìyẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Ọgbà Pacaya-Samiria, tó fẹ̀ ju 20,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ni wọ́n ti ń rí dólífìn odò aláwọ̀ osùn.

Ní gúúsù, odò Madre de Dios ló ń gbé ènìyàn lọ sí Manu, ọgbà ìjọba láti 1973, àti Tambopata, níbi tí àwọn ẹyẹ màkáò, ìbátan odídẹrẹ́, ti ń wá jẹ amọ̀ etí odò láàárọ̀. Àwọn ènìyàn kan ní Manu kò fẹ́ kí ará ìta sún mọ́ wọn, òfin sì dáàbò bò wọ́n. Kò sí amọ̀nà rere tó máa mú àlejò lọ bá wọn. Àwọn awakùsà wúrà aláìgbàṣẹ ti da mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, sínú odò agbègbè náà fún ọdún púpọ̀, ẹja sì ń kó o sára. Ní 2019, ìjọba kó sójà àti ọlọ́pàá lọ lé wọn ní La Pampa.

Ẹni tó ń lọ sínú igbó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kó sì béèrè oògùn ibà lọ́wọ́ dókítà. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀rùn lórí òkè. Ní Iquitos, omi máa ń ga jù ní nǹkan bí oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, tí ọkọ̀ kékeré á máa gba àárín igi kọjá. Nígbà tí omi bá sì fà ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà nínú igbó tó ṣeé rìn.