Yẹ́lò Búṣì Yín Lè So Èso Wúrà Nígbà Ọyẹ́, Tẹ́ ẹ Bá Lè Gbé Àlùmọ́gàjí Sílẹ̀

Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn kọ́sítọ́mà mi máa ń gbé wá. Ẹ̀gbọ́n wọn tàbí ọmọ wọn tó wà l'Amẹ́ríkà á ti fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, igi kékeré kan tí èso aláwọ̀ àlùkò ṣù mọ́ ẹ̀ka ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá irú eléyìí, iwájú ilé wa l'Ógo-Olúwa, l'Óṣogbo níbí, la fẹ́ gbìn ín sí.

Beautyberry ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Callicarpa americana lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Apá gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù nínú igbó fúnra ẹ̀, títí lọ dé Texas, káwọn èèyàn tó mú un wọ inú ọgbà. Tí ooru wọn bá ń parí lọ tí ewé igi fẹ́ máa wọ́, ìgbà yẹn lèso ẹ̀ ń pọ́n, tí ewé bá sì re tán, èso á ṣì wà lára igi fúngbà díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀ka ẹ̀ sáàárín aṣọ nínú báàgì bọ̀ wá sílé o. Igi tó bá máa tòkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò, ó sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service kọjá, torí kòkòrò àti àrùn tó bá bá a wọlé lè run oko ẹni ẹlẹ́ni. Àti pé igi tó lè so èso tó rẹwà bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu géètì yín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó so.

Yẹ́lò búṣì ni mò ń wí. Duranta lorúkọ ẹ̀, Duranta erecta. Òun náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, láti Mexico àtàwọn erékùṣù Caribbean lọ dé gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára débi pé láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i, wọ́n á ti gé e pẹrẹsẹ lórí, wọ́n á ti gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gún régé. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ṣóńṣó orí ẹ̀ka tuntun ni Duranta ti ń yọ òdòdó, ara òdòdó yẹn lèso sì ti ń jáde. Ẹ wá ń pe ọmọ tó ń gé fáwà lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ṣóńṣó yẹn gan-an ló ń gé dànù, tó bá rú, ó tún dé, ó tún gé e. Báwo ló ṣe fẹ́ so? Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní fáwà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti kólé, wọn ò mọ̀ pé ó máa ń so rárá.

Beautyberry àwọn ará Amẹ́ríkà náà, ara ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ òdòdó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé e lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òtútù wọn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n á máa wò ó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ lára wọn nìyẹn, kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ gbé igi wọn wá.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Nínú oṣù kẹta, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń dún, ẹ gé e wálẹ̀ dáadáa, ẹ lè gé e tó ìdajì, kò ní kú. Látìgbà yẹn ẹ lè máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kó má baà rí wúruwùru, títí di ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, kí àlùmọ́gàjí má kàn án mọ́. Òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá á ti ẹ̀ka tuntun jáde, ẹ̀ka yẹn á gùn, á tẹ̀ wálẹ̀, òdòdó á bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ á máa yún yín o, torí ọgbà á dà bí èyí tẹ́ ẹ pa tì, aládùúgbò á sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń gé fáwà náà á wá kan géètì pé ṣé kóun máa bọ̀, ẹ ní kó wá gé koríko.

Tó bá wá di oṣù kọkànlá, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ di ẹ̀ka kan mú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti rọ̀, òdòdó kéékèèké aláwọ̀ búlúù ṣì lè wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń wò ó lọ sókè ẹ máa rí èso tútù, tẹ́ ẹ bá tún wò ó lọ sókè ẹ máa rí èyí tó ti pọ́n bíi wúrà, èso kan ò sì tóbi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ife kékeré tó gbé òdòdó dúró tẹ́lẹ̀ kì í já bọ́, ńṣe ló máa ń wú, á bo èso náà mọ́lẹ̀, á wá ní ẹnu ṣóńṣó kan tó tẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Tí oòrùn bá yọ sí i láàárín kùrukùru ọyẹ́, nígbà tí gbogbo koríko àdúgbò ti gbẹ, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi ń pariwo.

Kì í ṣe gbogbo Duranta ló ń so bákan náà ṣá. Èyí tí ewé ẹ̀ yẹ́lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òdòdó, kódà tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, díẹ̀ náà ló máa so. Èyí tí ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ló ń so yanturu, torí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbìn, èyí ni kó bi àwọn tó ń ta fáwà lẹ́bàá títì. Ẹ̀ka lẹ máa fi gbìn ín, èyí tó nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ gé e ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́fà, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀ (ẹ rọra o, òmíì ń ní ẹ̀gún), ẹ gún un bọ ilẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ po yanrìn mọ́ nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e síbòòji. Láàárín oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ ó ti yẹ kó ní gbòǹgbò. Oṣù karùn-ún ni mo fẹ́ràn láti gbé e bọ ilẹ̀. Ẹ má gbìn ín fún pọ̀ bí ẹni tó ń ṣọgbà, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi jìnnà síra, kó sì jẹ́ ibi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Lábẹ́ igi máńgòrò, ewé lásán lẹ máa rí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ adìyẹ. Èyí tó ti jẹrà, ẹ dà á sí i díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gé e lóṣù kẹta, ó tó. Ẹni tó bá ń dà á ṣáá, ewé ló máa rú, kò ní so. Lọ́gbẹlẹ̀, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kó mu ún dénú, torí tí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́, ó lè gbọn èso dànù. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò funfun lábẹ́ ewé, omi ọṣẹ lẹ máa fọ́n sí i.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ jù nìyí. Èso yìí, májèlé ni. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́, nǹkan kan kì í ṣe é, àmọ́ ó ti pa ọmọdé rí nílẹ̀ òkèèrè, ó sì ti pa ajá àti ológbò. Ilé tó bá ní ọmọ tó ń rá tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, mi ò kí í gbìn ín síbẹ̀, kò sí iye tí wọ́n fẹ́ san. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́n, ẹ mú wọn débẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Tọ́mọ bá jẹ ẹ́, ó lè máa bì, kó máa tòògbé, ara ẹ̀ lè gbóná, gìrì lè mú un. Ẹ má dúró wo ìyẹn. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀ka tó léso dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.

Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ẹ́ náà ló ń gbé kóró ẹ̀ kiri. Ní Australia àti South Africa, ó ti wọ inú igbó wọn débi pé wọ́n ti kà á mọ́ èpò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbin èyí tó ń so sẹ́bàá igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹni tílé ẹ̀ bá wà lápá ibẹ̀, èyí tí ewé ẹ̀ yẹ́lò ni kó gbìn, kó sì máa gé e lọ bó ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀. Tí igi asofẹ́yẹjẹ bá hù fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ lè fi í sílẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ni, èso pupa ẹ̀ náà dára wò, àmọ́ ìkìlọ̀ tí mo ṣe lórí àwọn ọmọ kan òun náà. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ bá sì gé kúrò lára Duranta tòun tèso, ẹ má lọ dà á sétí odò, inú ọgbà yín ni kẹ́ ẹ ti sun ún.