Bí Àsè Ìtọ́wò Ẹmu Ṣe Ń Lọ Nínú Ilé ní Iléṣà

Àsè ìtọ́wò ẹmu láàárín ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí kí àwọn ènìyàn kàn jókòó ti akèrègbè, nítorí pé ó ní àkòrí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jẹ́ kó yàtọ̀ láti ife dé ife, gbogbo ìyókù yóò sì dọ́gba. Bí àkòrí bá jẹ́ ọjọ́ orí ẹmu, orí irú igi kan náà ni kí wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n ti dá méjèèjì. Ẹni tó bá da àkòrí méjì pọ̀ lálẹ́ kan kò ní mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ tó tọ́ wò.

Ní Iléṣà, ọjọ́ orí ló rọrùn jù. Adẹ́mu máa ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ti bá adẹ́mu kan ní ìhà Ìbòkun tàbí Ìperindo ṣe àdéhùn ṣáájú lè gba ẹmu ìrọ̀lẹ́ àná, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àsè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n bá rà lẹ́bàá ọ̀nà kò wúlò fún irú àsè yìí, nítorí pé ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ wákàtí tí wọ́n dá a, omi tàbí ṣúgà sì lè ti wọ inú rẹ̀.

Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ mọ́ kedere, ó sì dùn, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí adẹ́mu tó tú igbà rẹ̀, ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti èyí tó kù sára akèrègbè àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọ́n ń jẹ ṣúgà, wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide, èyí tó ń mú kí ẹmu máa hó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti pọ̀ débi pé omi náà á funfun. Àwọn kan nínú kòkòrò wọ̀nyí ń pèsè lactic acid, tó ń mú kí ẹmu kan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, àwọn kòkòrò mìíràn á máa sọ ọtí náà di ọtí kíkan. Yìnyín ń fa iṣẹ́ yìí sẹ́yìn ni, kì í dá a dúró. Ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n kó apá kan ẹmu òwúrọ̀ sínú kúlà, kí wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ lórí tábìlì títí dalẹ́: ìyàtọ̀ méjèèjì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò wọ inú kúlà kan náà kí títutù wọn lè dọ́gba, torí pé ohun mímu tó tutù jù ń fi adùn àti òórùn pamọ́. Ẹnì kan á bu ẹmu sínú jọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ẹlòmíràn tí kò mọ èyí tó wà nínú èwo ni yóò sì gbé e kiri. Ahá dára lójú, àmọ́ ó ní òórùn tirẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí a rí àwọ̀ ẹmu. Ife gíláàsì sàn jù. Lítà kan tó ènìyàn 10 bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba mìlílítà 100. Kí wọ́n mi jọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà jẹ́ ti ẹni ìkẹyìn nìkan. Obì àti orógbó gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ìtọ́wò bá parí, nítorí pé kíkorò wọn kì í tètè kúrò lẹ́nu.

Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń fi èyí tó dùn sẹ́yìn, kí ó má baà mú kí èyí tó tẹ̀ lé e dà bí èyí tó kan jù. Àmọ́ bí àkòrí bá jẹ́ ọjọ́ orí, ohun tó bójú mu ni kí wọ́n tẹ̀ lé wákàtí láti orí ẹmu tuntun, kí wọ́n sì máa fi omi àti iṣu sísè tí kò níyọ̀ fọ ẹnu láàárín. Bí ife kan bá dùn ṣinrin tí òórùn rẹ̀ sì ti kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ṣúgà kún ẹmu àtijọ́.

Oúnjẹ á wá wọlé. Ọtí máa ń mú kí ata ta ènìyàn sí i, nítorí náà ẹmu tuntun tó ṣì dùn ló yẹ àsun, nígbà tí èyí tó ti kan bá iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọlọ́ràá mu, torí pé kíkan rẹ̀ ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé ni wọ́n á tó sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ṣáájú, ọ̀rọ̀ àgbà ìdí tábìlì ni gbogbo èèyàn yóò gbà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n má ṣe dé e pinpin sínú ìgò, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò náà kí ilẹ̀ tó mọ́.