Ìwé Ìtàn Tó Nípọn Tí Ọmọdé Tètè Kà Tán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé kan wálé, The Invention of Hugo Cabret. Ó ju ojú ìwé 500 lọ, síbẹ̀ ó ní òun ti kà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé kì í ṣe pé ó kàn ń ṣí i lásán?

Ìdáhùn: Ẹ má bá a wí o, ó kà á. Brian Selznick, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2007. Bí ìdajì ìwé náà jẹ́ kìkì àwòrán tó fi pẹ́ńsù yà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára wọn.

Ìbéèrè: Ìwé aláwòrán ọmọdé náà kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Nínú èyí tí a mọ̀, ọ̀rọ̀ á sọ pé ajá ń sáré, àwòrán á tún fi ajá tó ń sáré hàn wá. Níbí, ibi tí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́ sí ni àwòrán ti ń bá ìtàn lọ. Òṣùpá la kọ́kọ́ rí. A ṣí i, a rí ìlú Paris. A tún ṣí i, ó di ibùdókọ̀ ojú irin, títí a fi bá ọmọkùnrin kan tó fara pa mọ́ sẹ́yìn aago ńlá, tó ń yọjú wo bàbá arúgbó kan. Bí ẹní jókòó sí sinimá ló rí, Selznick sì mọ̀ ọ́n ṣe ni. Georges Méliès ni bàbá yẹn, ọmọ Faransé tó ṣe fíìmù ìrìn àjò lọ sínú òṣùpá ní 1902. Ó gbáyé lóòótọ́. Nígbà tí nǹkan yí i lọ́wọ́, ó di ẹni tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ní ibùdókọ̀ Montparnasse.

Ní 2008, ìwé náà gba Caldecott Medal, ẹ̀bùn àwòrán tí ìwé pẹlẹbẹ sábà máa ń gbà ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ bí èèyàn tó ń yàwòrán nínú ìtàn náà ńkọ́? Àròsọ pátápátá ni?

Ìdáhùn: Irú rẹ̀ wà ní Franklin Institute, ilé àkójọ ohun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ó ti bà jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀ ní 1928, wọn ò sì mọ ẹni tó ṣe é dájú. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Faransé pé ẹ̀rọ Maillardet ló kọ èyí. Bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ẹni tó ṣe é nìyẹn. Ká ní ẹnìkan ló kàn sọ fún mi ni, màá ní irọ́ ni.

Ìbéèrè: Èmi náà ń yàwòrán. Mo fẹ́ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kóòdù ń bà mí lẹ́rù.

Ìdáhùn: Ẹ lo WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ojúlé wẹ́ẹ̀bù láìkọ kóòdù. Láti December 2018 ni wọ́n ti sọ ọ́ di alábúlọ́ọ̀kù: ìpínrọ̀ kan, búlọ́ọ̀kù kan, àwòrán kan, búlọ́ọ̀kù kan. Ẹ ó kàn máa tò wọ́n ni. Àmọ́ ẹ má to gbogbo àwòrán sójú kan kí èèyàn máa fìka fà á wálẹ̀. Ṣíṣí ojú ìwé ló ń mú àyà òǹkàwé já. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó ń jẹ́ Page Break sáàárín wọn, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó rí èyí tó kàn. Kẹ́ ẹ sì dín bí fáìlì àwòrán ṣe tóbi tó kù kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀, nítorí dátà.