Bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àgbá yíyí nínú ilé

Títì tó ti Kùtọnù wá, tó gba Dásà, ló la ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ já lọ sí Parakú, ní orílẹ̀-èdè Benin. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ráyè, ilẹ̀ á ti máa ṣú kó tó jáde. Nígbà òjò, ó tún burú sí i. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ń pè ní rouleaux lédè Faransé wúlò: àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ń yí nínú férémù irin, tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ lé, tí a ó sì máa gùn láìkúrò lójú kan.

Àgbá méjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà níwájú. Táyà ẹ̀yìn á jókòó sáàárín àgbá méjì, bí ìkòkò ṣe ń jókòó lórí ààrò. Àárín àgbá iwájú gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àárín táyà iwájú gan-an, tàbí kó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà ló so àgbá iwájú mọ́ ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn.

Bẹ́líìtì yìí ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Bó bá ń ṣubú sí ọ̀tún, ẹni tó gùn ún á yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún díẹ̀, táyà á sì yí padà bọ́ sábẹ́ ara rẹ̀. A ń ṣe é láìròó. Ṣùgbọ́n táyà tó ń yí nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tó dúró sójú kan, bó ti wù ká yí ọwọ́ rẹ̀ tó, kò ní gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbì kankan. Nítorí náà ni bẹ́líìtì fi ń gbé yíyí táyà ẹ̀yìn lọ bá ti iwájú, kí méjèèjì lè jọ máa sáré bí ẹni pé títì ló wà lábẹ́ wọn.

Ohun tó yàtọ̀ sí títì ni pé àgbá náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kò sì sí eré tí ara fúnra rẹ̀ ń sá. Lójú títì, bí ẹsẹ̀ bá dẹ̀, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Níbí, kíá ni àgbá á dúró, kẹ̀kẹ́ á sì wó.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí férémù ilẹ̀kùn wà lọ́tùn-ún àti lósì láti gba èjìká dúró. Ọwọ́ kan á di ògiri mú, ẹsẹ̀ á máa wa kẹ̀kẹ́ títí táyà á fi yára, kí a tó fi ògiri sílẹ̀. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí ènìyàn rọra wà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, rírọra gan-an ló ń gbé ènìyàn ṣubú. Jíà àárín ló dára, kí ẹsẹ̀ máa yí bí ìgbà 80 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ojú má wo táyà rárá. Ohun kan lára ògiri iwájú ni kó máa wò. Kí ìgbúnwọ́ rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé bí táyà bá yọ̀ kúrò lórí àgbá, àwọn á sáré lu ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà nìkan ló ń sáré. Bó bá kan ilẹ̀, á ta díẹ̀, á sì dúró.

Ooru ni ìṣòro tó le jù, pàápàá ní oṣù kẹta. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan ń lò ló ń di ooru, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ni nínú yàrá. Kí fáànù wà níwájú. Bí iná bá lọ, kí a gbé gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àìsí afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń mú kó fúyẹ́ ju títì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó wúwo, àgbá tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni kó rà.

Bí ó bá ti mọ́ni lára, kí a fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí àárín àgbá iwájú ká, kí a sì gbìyànjú kí táyà má kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan bá ń gbé omi mu. Lójú títì Ṣábẹ̀ẹ́, bí ìlà náà ṣe fẹ̀ mọ ni àyè tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń gba etí ọ̀nà.