Ìgbàpadà dátà: kí ni a lè rí yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà láàbù bá kú?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹrin, lẹ́yìn òjò òru kan tí iná lọ tó sì dé lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé pè mí láti láàbù kan nínú ìlú Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo ti ń dà yín láàmú láti òwúrọ̀," ni ó wí, "kọ̀ǹpútà HPLC wa ló kú." HPLC ni ẹ̀rọ tí a fi ń ya èròjà inú omi ayẹ̀wò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, ọdún méjì ààbọ̀ sì ni ọmọbìnrin yìí ti ń fi í wọn èròjà inú ewúro àti dóńgóyárò. Gbogbo àbájáde rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo béèrè bóyá ẹ̀dà wà níbòmíràn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní fíláàṣì kan wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kìkì àwòrán tí òun fẹ́ fi sínú ìwé àpilẹ̀kọ ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń bẹ̀ mí sí ni a ń pè ní ìgbàpadà dátà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a yọ àkọsílẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, tàbí láti inú díìsìkì, èyí tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, bí òun ló bàjẹ́, yálà ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò tún ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú títún kọ̀ǹpútà ṣe, àní iṣẹ́ méjèèjì a máa tako ara wọn. Ẹni tí a bá ní kó tún kọ̀ǹpútà ṣe lè fọ́máàtì díìsìkì, ìyẹn ni pé kó sọ ọ́ di òfìfo bíi tuntun, kó gbé Windows tuntun lé e, kó sì gbé e padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ó ti ń tàn, láìmọ̀ pé abẹ́ Windows tuntun náà ni òun sin ohun tí olówó rẹ̀ ń wá sí. Bí ilé bá wó lu àká, ẹni tó fẹ́ mọ ilé mìíràn sórí ilẹ̀ náà àti ẹni tó ń wá àgbàdo lábẹ́ àwókù kò lè fi ọwọ́ kan náà ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń wá kí a tó wá a. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tí ó ní àwòrán òkè-òkè àti iye èròjà nínú, kọ́ ni dátà gan-an. Àkópọ̀ rẹ̀ ni. Dátà gan-an ni fáìlì tútù tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń wọn nǹkan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí òun nìkan ni ẹlòmíràn lè gbà kó fi tún ìṣirò náà ṣe bí alábòójútó tàbí olùyẹ̀wò láti ìta bá bèèrè. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń há sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ láàbù sábà máa ń dàgbà ju àwọn tó ń lò ó lọ, nítorí pé sọ́fítíwíà tí wọ́n tà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lè má gbà láti ṣiṣẹ́ lórí Windows ìgbàlódé. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dẹ́kun títọ́jú Windows XP, síbẹ̀ mo ṣì ń bá a pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó tó ra ilé. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Bí kò bá sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó ń fúnra rẹ̀ da dátà kọ síbòmíràn lálẹ́. Ìbàdàn tí a mọ̀ sí ìlú fásitì láti ọdún 1948, tí àwọn ilé ìwádìí sì tò láti Ìdí-Ayùnrẹ́ títí dé Jẹ́ríkò àti ọ̀nà Mọ́níyà, kò lè ṣaláìní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó kú kò túmọ̀ sí pé díìsìkì inú rẹ̀ kú. Èyí ni ìròyìn ayọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí iná bá wọlé pẹ̀lú agbára, páwà sọ́pláì, èyí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó, nígbà mìíràn mọ́dábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ńlá tó so gbogbo inú kọ̀ǹpútà pọ̀, a tẹ̀lé e, díìsìkì a sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ohun tó kàn ni kí a tú u, kí a fi okùn tó bá ẹnu rẹ̀ mu so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Díìsìkì àtijọ́ ní ẹnu fífẹ̀ tí a ń pè ní IDE, tuntun ní ti SATA tó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn USB tó ń gba méjèèjì sì wà lọ́jà. Ẹni tó bá lè ṣe é a máa fi irinṣẹ́ kan sáàárín tí kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kejì kọ ohunkóhun sórí díìsìkì náà, nítorí Windows kì í lè pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti rí díìsìkì tuntun báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí i lára.

Bí ó bá jẹ́ díìsìkì gan-an ló ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Nínú díìsìkì olóyìípo, àwo pẹlẹbẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń yí, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan nínú èyí tó wọ́pọ̀, orí kékeré kan tó ń kà á sì ń fò lórí rẹ̀ láìfarakàn án. Àlàfo tó wà láàárín orí náà àti àwo kéré débi pé irun orí ènìyàn kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Eruku lásán jẹ́ òkúta níbẹ̀. Bí orí náà bá ti já tàbí tó tẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí díìsìkì ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ohùn yẹn ń sọ pé orí ń wá ibi tí yóò kà, kò rí i, ó sì lè máa họ ojú àwo níbi tí àkọsílẹ̀ wà. Ìgbàkígbà tí a bá tún tan án láti wò ó bóyá yóò gbà lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí a máa họ díẹ̀ sí i kúrò nínú ohun tí à ń wá. Ẹ pa á, kí ẹ yọ okùn rẹ̀. Kì í ṣe díìsìkì tí a ń ṣí lórí tábìlì láti yẹ inú rẹ̀ wò: yàrá tí wọ́n ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò nínú eruku ni wọ́n ti ń pààrọ̀ orí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún òru ọjọ́ kan. Ọ̀rinrin tí yóò sẹ̀ sójú àwo nígbà tí ó bá jáde síta nínú ooru wa yìí ti tó láti parí iṣẹ́ tí ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń tan àwọn tó mọ iṣẹ́ díẹ̀ jẹ. Bí bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́yìn díìsìkì bá jó, wọ́n á ra díìsìkì mìíràn tó jọ ọ́, wọ́n á sì ṣí bọ́ọ̀dù tirẹ̀ lé e. Ó lè ṣiṣẹ́ fún díìsìkì ayé àtijọ́. Nínú ti òde òní, ẹ̀yà kékeré kan tí a ń pè ní ṣíìpù wà lára bọ́ọ̀dù náà tó tọ́jú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ṣe fún díìsìkì kan yẹn nìkan; àfi kí a yọ ṣíìpù náà lára bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ kí a sì jó o mọ́ èkejì.

Yálà díìsìkì le tàbí ó ń kú lọ, òfin kan ló wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ tì: ẹ̀dà ni à ń kọ́kọ́ ṣe. Kì í ṣe ẹ̀dà fáìlì kan tàbí méjì, bí kò ṣe ẹ̀dà díìsìkì látòkèdélẹ̀, títí kan ibi tí ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Irinṣẹ́ tí èmi ń lò ni ddrescue, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í bá ibi tó bàjẹ́ jìjàkadì lákọ̀ọ́kọ́: ó máa ń ka ibi tó rọrùn lọ ná, yóò sì sàmì sí ibi tó kọ̀ nínú ìwé kékeré kan, kó tó padà wá fi sùúrù gé ibi líle náà wẹ́wẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, ìwé náà ni yóò fi mọ ibi tó dé, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó bá parí, a ó gbé díìsìkì àkọ́kọ́ sínú àpótí, a kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ara ẹ̀dà ni gbogbo àṣìṣe wa yóò ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà kẹta tí dátà ń gbà sọnù kò kan irin rárá. Ẹnìkan pa fódà rẹ́, tàbí ó fọ́máàtì, tàbí iná lọ nígbà tí Windows ń kọ̀wé. Windows ní ìwé orúkọ kan tó fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Bí a bá pa fáìlì rẹ́, ó kàn ń sàmì sí orúkọ náà pé àyè rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ ni. Fáìlì ṣì wà lórí àwo títí dìgbà tí òmíràn yóò fi gba àyè náà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a tún lo kọ̀ǹpútà náà, kódà láti wá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìwé orúkọ bá tilẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, a ṣì lè mọ fáìlì kan nípa bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì ab1 láti ẹ̀rọ tó ń ka DNA ń fi lẹ́tà ABIF bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ń fi FCS bẹ̀rẹ̀, àwòrán ìṣègùn DICOM sì ní lẹ́tà DICM lẹ́yìn báìtì 128 àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PhotoRec a máa wá irú àmì bẹ́ẹ̀ káàkiri díìsìkì, a sì lè kọ́ ọ ní àmì tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò lè dá padà ni orúkọ, èyí sì dun àwọn tó ń lo HPLC ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn kì í kọ fáìlì kan fún ayẹ̀wò kan. Fódà ni wọ́n ń dá, tí fáìlì kéékèèké kún inú rẹ̀, tí orúkọ wọn sì jọra láti fódà dé fódà.

Bí fáìlì bá tú káàkiri díìsìkì, wíwá á ṣòro. Bí ó bá tò tẹ̀léra, ó rọrùn. Ẹ̀rí tó dára jù lọ tí mo mọ̀ ni ti ọkọ̀ òfurufú Columbia tó fọ́ yángá lójú ọ̀run Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2003, tí gbogbo àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Nínú àfọ́kù rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa díìsìkì kan tó gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 400, tí iná ti jó ara rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ ìwádìí lórí gáàsì xenon sì wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kroll Ontrack rí nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún dátà náà yọ, àbájáde ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 2008. Ọ̀kan nínú ohun tó gbà wọ́n ni pé DOS, ètò àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń lò ṣáájú Windows, ni kọ̀ǹpútà náà ń lò, èyí tó to àkọsílẹ̀ náà tẹ̀léra dípò kó fọ́n ọn ká.

Díìsìkì SSD tí kò ní àwo tó ń yí kò fún wa ní irú àǹfààní yìí. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀, Windows a sọ fún un pé àyè náà kò wúlò mọ́, òun fúnra rẹ̀ a sì gbá a mọ́, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tó ń rí ohun tí wọ́n ti gbá.

Fáìlì tó jáde kò tíì di dátà títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Déètì ara rẹ̀ lè parọ́: bátìrì pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ àkókò a máa kú nínú ẹ̀rọ àgbà, kọ̀ǹpútà a sì máa ka ara rẹ̀ sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ láàbù tí a fi bírò kọ ni a ó fi tò wọ́n, ayẹ̀wò sí ayẹ̀wò. Sọ́fítíwíà tí yóò ṣí wọn lè wà lórí CD tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, kó sì tún máa bèèrè kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu USB. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ayẹ̀wò náà bá sì jẹ́ ti aláìsàn, ọ̀rọ̀ òfin ti wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ wà ní Queen Cinema àti ní Àgbowó, mo sì ti rán ènìyàn sí wọn, ṣùgbọ́n òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìṣọ́ra àkànṣe, ó sì yẹ kí ilé ìwádìí bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ fún kọ̀wé àdéhùn kí ó tó kúrò nínú ọgbà.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tó pè mí, páwà sọ́pláì ló jó. Díìsìkì rẹ̀ yí láìpariwo, ṣùgbọ́n ó ti gbó, ó sì ní ibì kan tó kọ̀ láti ka. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ddrescue fi wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú inverter lẹ́yìn. Àfi fódà mẹ́ta ni kò ṣí. Ìyókù ewé ayẹ̀wò méjì nínú wọn ṣì wà nínú fírísà, ó sì tún wọn wọ̀n. Ẹ̀kẹta ti tán, nítorí náà ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú tábìlì ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀, ó fa ìlà sí ibi tí iye èròjà yẹ kó wà, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ewé.