Ọ̀dàlẹ̀ ni Jason

Obìnrin òṣèré tí mo bá ní kó ṣe Medea, ìyàwó tí Jason já jù sílẹ̀ nínú eré Gíríìkì tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin náà, ariwo ló máa ń kọ́kọ́ pa. Á káwọ́ lérí, á sunkún kíkan bí ẹni tí ọkọ fẹ́ ìyàwó lé lórí. Màá ní kó jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí eré orí ìtàgé, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù lórí eré ìbànújẹ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ nìyẹn: ìjà orogún ni wọ́n máa ń sọ ọ́ dà.

Euripides ló kọ eré náà. Wọ́n ṣe é ní Áténì lọ́dún 431 ṣáájú ìbí Kristi, níbi ọdún òrìṣà Dionysus, tí àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta ti ń díje. Euripides ló gbẹ́yìn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré tí àwọn adájọ́ ìdíje kò kà yín sí, ẹ fọkàn balẹ̀.) Ọkùnrin ló ṣe Medea lọ́jọ́ náà, ó dé ìbòjú, kò sẹ́ni tó lè rí omijé lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fi ṣiṣẹ́.

Ọmọ ọba Colchis ni Medea, létí Òkun Dúdú, níbi tí orílẹ̀-èdè Georgia wà lónìí. Jason wá síbẹ̀ wá gba awọ àgbò oníwúrà, Medea ló sì bá a rí i gbà. Ó da bàbá rẹ̀ nítorí Jason, ó pa arákùnrin rẹ̀, ó tan àwọn ọmọbìnrin Pelias, ọba tó rán Jason lọ gba awọ náà, títí wọ́n fi fọwọ́ ara wọn pa bàbá wọn. Wọ́n sá dé Kọ́ríńtì, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì. Ibẹ̀ ni Jason ti fẹ́ ọmọ Creon ọba.

Kí Medea tó jáde sí wa rárá, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ti sọ ohun tó ń ké nínú ilé: ó ń pe ìbúra tí Jason bú, ó ń pe ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi di májẹ̀mú, ó ní kí àwọn òrìṣà wá jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ibùsùn wà níbẹ̀ o, Jason ò sì yéé fi bú u. Àmọ́ èdè tiwa gbà wá lọ́wọ́ àlàyé gígùn. Ẹni tó bá bá èèyàn mulẹ̀ tó wá yẹ̀ ẹ́, ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é: ilẹ̀ tí wọ́n jọ mu ló dà.

Ẹ wo ohun tí Medea ṣe nígbà tí Aegeus ọba Áténì ṣèlérí pé òun á gbà á sílé. Ó ní àfi kó búra. Aegeus béèrè bóyá kò gba òun gbọ́ ni. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ilẹ̀ àti Oòrùn ló fi mú un búra, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dá a sílẹ̀.

Ẹ̀san wá dé. Nínú eré àwọn Gíríìkì, wọn kì í sábà pa èèyàn lójú àwọn òǹwòran. Ìránṣẹ́ ló máa ń wá ròyìn. Ìròyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú eré náà. Medea fi aṣọ àti adé tó ti fi oró pa rán àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìyàwó tuntun. Ìyàwó rí àwọn ọmọ, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí aṣọ, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó dé adé, ó tún irun ṣe níwájú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín sí òjìji ara rẹ̀. Ó rìn káàkiri iyàrá, ó ń bojú wẹ̀yìn wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Lójijì àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó ń gbọ̀n. Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn ìránṣẹ́ rò pé òrìṣà ló gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké igbe tí wọ́n fi ń kí òrìṣà. Ìgbà tó rí ìfófòó funfun lẹ́nu rẹ̀ ni igbe náà di ẹkún. Creon gbá òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ra, aṣọ lẹ̀ mọ́ òun náà bí ìtàkùn ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, ó sì bá a lọ.

Mo máa ń ní kí òṣèré má sáré níbi dígí.

Nínú eré mẹ́ta tí Aeschylus, òǹkọ̀wé Gíríìkì mìíràn, gbé jáde lọ́dún 458 ṣáájú ìbí Kristi, ilé ẹjọ́ ló parí ẹ̀san: Clytemnestra pa ọkọ tó fi ọmọ wọn rúbọ, Orestes ọmọkùnrin rẹ̀ pa á, ẹjọ́ dé Áténì, wọ́n dá Orestes sílẹ̀. Euripides ò fún wa ní adájọ́. Medea yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun mọ ibi tí òun fẹ́ ṣe, àmọ́ ìbínú borí ìrònú òun. Ó pa àwọn ọmọ náà. Jason ò kú. Medea dá a sí, láìlọ́mọ, láìníyàwó.

Ní ìparí, Medea yọ lókè òrùlé nínú kẹ̀kẹ́ tí Oòrùn, bàbá bàbá rẹ̀, fún un, òkú àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Jason ń pe òrìṣà sí i. Medea béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé òrìṣà wo ló ń gbọ́ ti ẹni tó ba ìbúra jẹ́. Ìdí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ń ní kí òṣèré mi tọ́jú ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa fi bi í.