Kí Tírélà Tó Kúrò Ní Ẹ̀pẹ́: Bí Èèyàn Ṣe Ń Di Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ebúté Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà ni tírélà ti gba ojú títì Ẹ̀pẹ́ kan. Èyí tó bá ń lọ sókè ọya kì í fẹ́ wọ àárín Èkó mọ́; á gba Ẹ̀pẹ́ já sí Mójọ́dà, á yọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sí ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní. Ọ̀dọ́ tó bá ń wáṣẹ́ ní Pókà tàbí Erédò kò ní pẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan bi í pé, "O ò ṣe lọ kọ́ tírélà?"

Ẹni tó ti wa dánfó fún ọdún díẹ̀ lè mú kí tírélà rìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó mú un dúró níbi tó yẹ kó dúró, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ló ń gba ọdún. Gbogbo ohun tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, dídúró ló ń dá lé lórí, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa gba ẹni tó ti ní lásẹ́ǹsì, wọ́n á dán an wò, wọ́n á sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn kún un. Ọ̀nà kejì, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ gbà, ni mọ́tọ̀ bọ́ì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mọ́tọ̀ bọ́ì ló ń fọ ọkọ̀, òun ló ń sùn ti tánkì dísù kí olè má baà fà á lóru, òun ló ń gun orí ẹrù lọ di tapólì nígbà tí òjò bá ṣú. Bí ọkọ̀ bá kú sórí òkè, òun ló ń sáré fi igi há ìdí táyà. Bí ọ̀gá bá ń fi ẹ̀yìn rìn, apá ibi tí dígí kò mú ló máa dúró sí, á máa kígbe "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀", bó bá sì ti tó, á gbá bọ́dì gbàgà. Nínú wàhálà yìí ló ti ń kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tí gíà kò bá eré mu, bí bíréèkì tó ti gbóná jù ṣe ń rùn, irú ẹrù tó ń yẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í gbé sítíárín fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú páàkì ló ti máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dì nìkan, ìyẹn apá iwájú tó ní ẹ́ńjìnnì, láìso bọ́dì tó ń gbé ẹrù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni bọ́dì òfìfo, kó tó wá kan ẹrù, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Fífi ẹ̀yìn rìn ló máa ń dójú ti ẹni tó ti mọ mọ́tò kékeré wà. Kí ìdí bọ́dì tó lè lọ sí ọ̀tún, òsì ni sítíárín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Gbàrà tí bọ́dì bá ti ń yà, awakọ̀ á tètè dá sítíárín padà kí hẹ́ẹ̀dì lè tẹ̀lé e. Bó bá pẹ́ jù, méjèèjì á ká lura wọn, igun bọ́dì á sì rún ẹ̀yìn kábììnì.

Gíà náà tún ní àrà tirẹ̀, pàápàá lára àwọn Mack àtijọ́ tí wọ́n sábà máa ń kó fún ẹni tuntun. Awakọ̀ á tẹ kíláàṣì, á yọ gíà sí òfo, á gbẹ́sẹ̀ kúrò, á tún kíláàṣì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó tó ki gíà tó kàn. Bó bá ń sọ gíà kalẹ̀, á tẹ tọ́tù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, díẹ̀ láàárín méjèèjì kí yíyí ẹ́ńjìnnì lè bá ti gíà dọ́gba. Ẹni tó bá kánjú, gíà á ké mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní wọlé, ọkọ̀ á wà ní òfo. Bó bá jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lèyí ti ṣẹlẹ̀, ọ̀ràn ti bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ìwé kò pọ̀, àmọ́ kò ṣeé fò. Lásẹ́ǹsì mọ́tò kékeré kò gba tírélà. Kíláàsì G ni ti ọkọ̀ tó fi hẹ́ẹ̀dì fa bọ́dì. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ, àwọn VIO á dán wọn wò, àjọ FRSC á wá ya fọ́tò, á sì gba ìtẹ̀ka. Èkó tún ní LASDRI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ wíwà ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fowó ra lásẹ́ǹsì láìṣe ìdánwò, ara rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Ọlọ́kọ̀ á tún béèrè onídùúró, méjì lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé owó ohun tó fẹ́ fà lé e lọ́wọ́ tó kọ́lé.

Ibi tó yẹ kí ẹni tuntun pẹ́ sí jù ni bíréèkì. Òróró ni mọ́tò kékeré ń lò, atẹ́gùn ni ti tírélà. Ẹ́ńjìnnì ń yí ẹ̀rọ kan tó ń fa atẹ́gùn, tó ń rọ́ ọ sínú àwọn tánkì irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, atẹ́gùn yẹn á sáré gba ọ̀pá lọ sídìí táyà, á ti ṣúù, ìyẹn pátákó bíréèkì, mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, irin rìbìtì tó ń bá táyà yí. Nídìí àwọn táyà ẹ̀yìn, sípíríìnì líle kan tún wà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tì í sẹ́yìn kí táyà tó lè yí. Bí atẹ́gùn bá tán, sípíríìnì á nà, á gbá táyà mú. Ìdí nìyí tí tírélà tó sùn mọ́jú kì í gbéra lójú ẹsẹ̀: wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á dúró títí ọwọ́ gééjì atẹ́gùn á fi dé nǹkan bí 100 sí 120 PSI. Bó bá wálẹ̀ dé bí 60, iná pupa á tàn tàbí kí nǹkan máa ké nínú kábììnì.

Bí atẹ́gùn bá ti kún láàárọ̀, awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe á pa ẹ́ńjìnnì. Á ní kí mọ́tọ̀ bọ́ì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, òun á wá rìn yí ọkọ̀ ká, á tẹ́tí. Ibi tó bá ń dún ṣíìì ni atẹ́gùn ti ń jò. Bí kò bá dá a lójú, á fi omi ọṣẹ pa á, á sì rí i tó ń hó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà tí kò ráyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí. Bí atẹ́gùn bá jò tí táyà gan, súpánà ni wọ́n fi ń yí bóòtù tó wà lẹ́yìn sípíríìnì láti ká a kò, kí ọkọ̀ ṣáà lè máa lọ. Ọkọ̀ á lọ lóòótọ́, àmọ́ ohun kan ṣoṣo tí ì bá dá a dúró nígbà tí atẹ́gùn bá tán pátápátá ni wọ́n ti ká kò yẹn. Ẹni tó fẹ́ bọ Ògún, kó bọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Gééjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ewu kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú atẹ́gùn tó tán. Ooru ni. Láti Ẹ̀pẹ́ títí kọjá Ọ̀rẹ̀, òkè kò tó nǹkan, ẹni tuntun lè máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bó bá kọjá Òkéné tó dorí kọ Lọ́kọ́jà, ojú á là á. Bó bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣúù àti dúrọ́ọ̀mù á gbóná débi pé wọn kò ní lè di ara wọn mú mọ́. Ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ. Ní Felele, ní Lọ́kọ́jà, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, tanka epo kan bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó sì gbiná. Èèyàn tó lé ní ogún ló kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Òfin àwọn àgbà lórí òkè kò lọ́jú pọ̀: gíà tí ọkọ̀ bá fi gùn ún ni kó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì ti ki í kí imú ọkọ̀ tó dojú kọ ìsàlẹ̀, torí pé bí eré bá ti mú un, gíà kì í wọlé mọ́.

Ẹrù ló kàn. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 40, òfìfo rẹ̀ nìkan ń lọ sí tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, ó lè tó 30. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló jókòó lórí irin kan tí wọ́n ń yí kó lè há sínú ihò abẹ́ kọ̀ńténà. Yíyí i kò ju ọwọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kì í yí i, tàbí kí irin náà ti jẹ tán. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá yà pẹ̀lú eré, bọ́dì á yà, kọ̀ńténà kò ní yà. Ará Èkó kò tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, tí kọ̀ńténà já bọ́ láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà lu bọ́ọ̀sì èrò, tí èèyàn mẹ́sàn-án sì kú. Awakọ̀ á fi ojú ara rẹ̀ wo irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó ṣáná. Kò gbọdọ̀ rán mọ́tọ̀ bọ́ì. Á tún ka nọ́ńbà síìlì tó wà lẹ́nu kọ̀ńténà, á fi wé ti orí wéèbíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, kó má gbéra, nítorí pé òun ni wọ́n máa bi nípa ohunkóhun tó bá dín lọ́hùn-ún.

Dídúró mìíràn tún wà tí kò kan bíréèkì rárá: ìtòsílà. Ní Àpápá, tírélà gbọ́dọ̀ gba àyè lórí Ètò, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021, kó tó lè wọ ebúté. Ní ọdún 2025, ìjọba Èkó gbé irú rẹ̀ wá sí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 sì ti sọ pé kí tírélà má rìn nínú ìgboro láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, àfi tanka epo àti bọ́ọ̀sì èrò ńláńlá. Ẹni tó bá gbàgbé aago, wọ́n á bá a rántí rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró gba ẹrù lè ju ọjọ́ tí wọ́n fi wà lójú ọ̀nà lọ, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù níbẹ̀, ìdí ìgò ló máa parí sí.

Owó wá ńkọ́? Ní ilé iṣẹ́ ńlá, owó oṣù wà, owó ìrìnàjò sì wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, wọ́n sábà máa ń bu dísù àti owó ọ̀nà fún awakọ̀, wọ́n á sì ti fẹnu kò lórí iye tó máa jẹ́ tirẹ̀ bó bá já ẹrù láyọ̀. Inú owó ọ̀nà yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀, owó páàkì, fọkanáísà àti oúnjẹ mọ́tọ̀ bọ́ì ti ń jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ti awakọ̀. Ètò náà dùn létí, àmọ́ ó ń jẹ́ kí awakọ̀ máa wo ìtọ́jú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń yọ owó lápò rẹ̀. Ibẹ̀ ni títa dísù ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni gbígbé èrò sórí ẹrù ti ń wá, ibẹ̀ náà ni táyà tòkunbọ̀ tó ti gbó ti ń dé ìdí ọkọ̀. Kíka ọjọ́ orí táyà kò le: wọ́n tẹ nọ́ńbà mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ní ti háyà pọ́ọ̀ṣẹ́ẹ̀sì, tí awakọ̀ á máa san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tirẹ̀, kí ẹni tuntun má tíì fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nínú oṣù kejì, ọlọ́kọ̀ á ṣì máa béèrè owó.

Tanka epo jẹ́ ayé ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ PTD, tó wà lábẹ́ NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, ni ti àwọn awakọ̀ rẹ̀. NARTO ni ti àwọn ọlọ́kọ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, tanka tó bá gbà ju lítà 60,000 lọ kò gbọdọ̀ gba epo mọ́ ní ibùdó ìgbepo. Epo a máa mì síwá sẹ́yìn nínú tánkì, ó sì lè ti ọkọ̀ tó fẹ́ dúró síwájú, nítorí náà kí ẹni tuntun kọ́kọ́ fi ẹrù gbígbẹ mọṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, kìlómítà 60 ní wákàtí kan ni òpin eré fún tírélà, kódà lórí ọ̀nà márosẹ̀. Kánò sí Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìyẹn ni pé wíwà nìkan ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ, kò sì sẹ́ni tó lè wà á tán láìsùn. Àwọn àgbà á dúró sinmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, wọ́n á sì wá páàkì kí ilẹ̀ tó ṣú, ní Ọ̀rẹ̀ tàbí, fún ẹni tó gba ọ̀nà Ìbàdàn, ní Ògèrè. Ní irú páàkì bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta parága, wọ́n ń ta trámà fún ẹni tí kò fẹ́ sùn. Oorun tí wọ́n fi oògùn lé kì í lọ jìnnà. Ó máa ń padà dé nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá já ẹrù, ẹrù àbọ̀ ló kù. Ọkọ̀ tó bá padà ní òfìfo ń jẹ dísù láìmówó wọlé, nítorí náà awakọ̀ á lọ bá àwọn alágbàtà ní páàkì Kánò tàbí Kàdúná, kó lè rí àlùbọ́sà, ẹ̀wà tàbí tòmátì tó ń bọ̀ ní Máìlì 12. Alágbàtà á gba tirẹ̀. Kí awakọ̀ ṣàlàyé fún ọlọ́kọ̀ lórí fóònù kó tó di ẹrù ọ̀hún, kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹ̀sùn. Wéèbíìlì ẹrù àkọ́kọ́ kò sì gbọdọ̀ sọnù: ẹni tó gba ẹrù gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó lù ú ní òǹtẹ̀, torí pé ìwé yẹn ni ọlọ́kọ̀ máa fi gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹrù. Awakọ̀ tó bá dé Ẹ̀pẹ́ láìmú un dání, owó tirẹ̀ náà á dúró títí ìwé á fi dé.